Gbígbin Álóè Sí Ọgbà: Iṣẹ́ Ilẹ̀ Ló Ṣáájú Iṣẹ́ Omi

Nígbà tí álóè bá kú sínú ọgbà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbìn ín máa ń sọ ni pé oòrùn ló pọ̀ jù fún un, tàbí pé òun kò bomi rin ín tó. Ṣùgbọ́n bí a bá hú òkú ewéko náà, tí a sì wo ìdí rẹ̀ dáadáa, gbòǹgbò dúdú tó ti rà, tó tutù rinrin, tó sì ń rùn ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Omi ló pa á, kì í ṣe òùngbẹ. Ewéko tó lè fara da ọ̀dá kì í tètè kú nítorí pé a gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkẹ́ àkẹ́jù ló ń tètè pa á. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ álóè wà nínú ilẹ̀, àti pé ó yẹ kí a ti ṣe é parí kí ewéko náà tó dé.

Ọgbọ́n tí álóè ń dá sí ọ̀dá

Ewéko yìí, tí àwọn kan ń pe àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan ní ahọ́n erin, pọ̀ ní oríṣi. Ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ewéko ti kà lé ní 500, ilẹ̀ Áfíríkà, erékùṣù Madagásíkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá sì ni orírun wọn. Àwọn kan ń hù nínú pàlàpálá àpáta, àwọn mìíràn nínú aginjù, àwọn díẹ̀ sì wà lórí òkè gíga tí yìnyín ti ń bọ́. Ohun tó pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pọ̀ ni pé òjò kì í rọ̀ déédéé níbi tí wọ́n ń gbé, àti pé nígbà tó bá tilẹ̀ rọ̀, omi rẹ̀ kì í dúró ní ìdí wọn kó tó ṣàn lọ. Ìdá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé.

Àmù omi ni ewé álóè jẹ́. Bí ẹ bá la ọ̀kan, ẹ ó rí oje kedere tó ń yọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí omi tó nǹkan bí ìdá 98 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Awọ ewé náà nípọn, ohun kan bí ìda sì wà lójú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi gba ibẹ̀ sá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó jọ mí lójú jù ni bí ó ṣe ń mí. Ọ̀pọ̀ ewéko ló máa ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé wọn lọ́sàn-án kí wọ́n lè fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáídì tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, omi ara wọn a sì máa gba ihò kan náà bá oòrùn lọ. Álóè a máa pa ihò tirẹ̀ dé lọ́sàn-án. Ó di òru, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀, kó tó ṣí wọn. Á fa afẹ́fẹ́ náà wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì, á sì tọ́jú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kó tó wá fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ. Èyí ń dáàbò bo omi rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó yára dàgbà. Ẹni tó bá ń retí pé kí álóè kún ojú ọgbà láàárín oṣù mẹ́ta yóò retí pẹ́.

Èwo ni kí a gbìn?

Aloe vera ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a fi í bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó máa ń bí ọmọ púpọ̀. Kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ṣùgbọ́n òtútù ni ọ̀tá rẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá tutù kọjá ìwọ̀n 5°C, ewé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bí omi inú ewé náà bá sì dì, ó parí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ odi ààyè ni ẹ ń wá, Aloe arborescens ló yẹ yín. Ó máa ń ga tó mítà 2 sí 3, ó ń yọ ẹ̀ka púpọ̀ láti ìdí, àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà sì ti fi í ṣe ọgbà ká ibùso màlúù láti ìgbà pípẹ́. Aloe ferox ní tirẹ̀ kì í yẹ̀ka, ìtì kan ṣoṣo ló ń ní, ẹ̀gún a sì kún etí ewé rẹ̀, nígbà mìíràn títí dé ẹ̀yìn ewé. Nítorí pé kì í sábà bí ọmọ, irúgbìn ni a fi ń gbìn ín. Aloe maculata, tó kúrú, tó sì ní àmì tótòtó funfun lára, ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tí kò tíì gbin álóè rí, nítorí pé ó máa ń dárí àṣìṣe jini ju àwọn yòókù lọ.

Àwọn kan wà tó jẹ́ igi ní tòótọ́. Aloidendron barberae lè ga ju mítà 15 lọ, ìdí rẹ̀ a sì gbòòrò bí ìdí ìrókò kékeré, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé. Ìbátan rẹ̀, Aloidendron dichotomum, ń hù ní Nàmíbíà àti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Àwọn ará San máa ń gbẹ́ inú ẹ̀ka rẹ̀ kí wọ́n fi ṣe apó ọfà. Àárín àwọn álóè ni wọ́n ń kà á mọ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 2013 tí àwọn onímọ̀ yọ àwọn álóè onígi sọ́tọ̀ ní orúkọ tiwọn. Ó lè fara da ọ̀dá ju ọ̀pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kún fún ọ̀rinrin, yóò máa ráre.

Ẹ óò rí àwòrán Aloe polyphylla níbi gbogbo, èyí tí ewé rẹ̀ tò yíká bí ìkarawun ìgbín. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n orí òkè Lèsótò ni ilé rẹ̀, ó fẹ́ ilẹ̀ tútù àti omi tó ń ṣàn gba ìdí rẹ̀ kọjá láìdúró, ooru sì máa ń pa á. Ẹ jẹ́ kí ó di ìgbà tí ẹ bá ti tọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn dàgbà ná. Kò sì yẹ kí a ra èyí tí wọ́n hú nínú igbó: gbogbo álóè, àfi Aloe vera nìkan, ló wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES tó ń ṣọ́ òwò àwọn ẹ̀dá tó lè run, polyphylla yìí sì wà lára àwọn tí òfin náà le sí jù.

Ilẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì fẹ̀ bákan náà, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún rọ omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì máa wo bí ó ti ń lọ sílẹ̀. Bí omi bá ń fà tó sẹ̀ǹtímítà 5 láàárín wákàtí kan, ilẹ̀ náà dára. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún omi ṣì wà nínú ihò, ẹ má gbin álóè síbẹ̀ bí ilẹ̀ náà ti wà, bó ti wù kí oòrùn ibẹ̀ dára tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà tí ilẹ̀ wọn bá jẹ́ amọ̀ ni pé wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á da iyanrìn díẹ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀ náà, wọ́n á sì gbin ewéko sí i. Èyí kò ran álóè lọ́wọ́. Amọ̀ tí a da iyanrìn díẹ̀ mọ́ máa ń dì gbagidi bí bíríkì, ihò tí a sì gbẹ́ sínú amọ̀ tí a wá fi ilẹ̀ rírọ̀ kún di ọpọ́n omi lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí gbogbo òjò àyíká yóò ti máa wá gbára jọ. Kàkà kí a lọ sísàlẹ̀, òkè ni kí a lọ. Ẹ kọ ebè tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó fẹ̀ ní mítà kan ó kéré tán, kí ẹ sì fi òkúta ńláńlá há etí rẹ̀ kí òjò má baà wó o. Ohun tí ẹ óò fi kọ ebè náà ni ilẹ̀ ọgbà lásán ìwọ̀n kan, iyanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi ìwọ̀n kan, àti òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n kan. Kí òkúta náà má tóbi ju ẹ̀pà lọ. Iyanrìn kíkúnná kò dára, nítorí pé ó máa ń dí àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ilẹ̀; iyanrìn etí òkun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ní ti ilẹ̀dú àti ajílẹ̀, díẹ̀ ti tó: bí ó bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, á máa mú omi dúró, ewé álóè á sì yọ gẹ̀jẹ̀, á rọ̀, á di oúnjẹ kòkòrò.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá dagun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti rí oore gbà, nítorí pé omi yóò máa fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà lọ. Ẹni tí kò bá sì ní ju ìkòkò lọ, ìlànà kan náà ni, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan: kí ìkòkò náà ní ihò nísàlẹ̀, kí àpòpọ̀ ilẹ̀ náà sì rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣà pé kí a kọ́kọ́ da òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè máa jò ti wọ́pọ̀ débi pé ó ṣòro láti bá ènìyàn jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sáàárín òkúta; ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ló máa ń dúró sí, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò wà.

Gbígbìn

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí ojú ọjọ́ ń móoru ló dára jù. Nígbà tí ẹ bá yọ álóè kúrò nínú ìkòkò tí ẹ fi rà á, ẹ gbọn ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ dànù, pàápàá bí ilẹ̀ náà bá dúdú tó sì fúyẹ́ bí kànìnkànìn, nítorí pé irú rẹ̀ máa ń mu omi bí òwú. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé gbòǹgbò tó bá ti kú tàbí tó rà. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ewéko náà sí ibòòji fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún láìbò ó mọ́lẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn níbí, ṣùgbọ́n kò sí ewu: álóè lè wà lórí ilẹ̀ gbẹrẹfu fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó má kú.

Ẹ gbìn ín débi tí ọrùn rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá bo ìdí àwọn ewé ìsàlẹ̀, wọn yóò rà, ìrà náà á sì gba ibẹ̀ wọ inú ìtì. Níbi tí òjò bá ti máa ń pọ̀, ẹ lè dá ewéko náà tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi má baà dúró sí àárín ewé rẹ̀. Ẹ fi àyè tó sẹ̀ǹtímítà 60 sáàárín Aloe vera kan sí èkejì, kí ti arborescens sì tó mítà kan àbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ojú ilẹ̀ yíká. Ó ń dín èpò kù, kì í sì í jẹ́ kí ewé fara kan ilẹ̀ tútù. Ẹ má fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi ṣe é.

Ẹ má bomi rin ín lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Omi, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó tó

Pé ewéko kan lè fara da ọ̀dá kò túmọ̀ sí pé kò nílò omi rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì tàn dé ibi kankan, nítorí náà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa fún un lómi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra. Nígbà tí ẹ bá sì ń fún un, kí ó jẹ́ omi gidi tó máa rin ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wá fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló burú jù lọ, nítorí pé kì í dé ìsàlẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí òkè gbẹ. Ẹ máa rọ ọ́ sí ìdí, láàárọ̀, kì í ṣe sí àárín ewé. Bí ẹ kò bá dá a lójú pé ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ bọ inú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ igi náà nígbà tí ẹ yọ ọ́, ẹ ṣì dúró. Lẹ́yìn ọdún kejì, ọ̀pọ̀ álóè tó wà nínú ilẹ̀ kò ní béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù nígbà ọ̀dá gígùn, àwọn kan kò tilẹ̀ ní béèrè ohunkóhun.

Ewé fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ álóè, ewé rẹ̀ á tinrín, etí rẹ̀ á ká sínú, ṣóńṣó rẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á ṣì le. Nígbà tí omi bá pọ̀ jù, ewé ìsàlẹ̀ á di pupa rúsúrúsú, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, omi ẹ̀ẹ̀kan ni oògùn rẹ̀, àárín ọjọ́ díẹ̀ ewé á sì tún kún. Ti ìkejì kò ní oògùn kankan ju pé kí a hú u, kí a gé ibi tó rà kúrò títí a ó fi kan ibi tó mọ́ funfun, kí a jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí a sì tún un gbìn sí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn méjèèjì lè mú kí ewéko rọ̀ wálẹ̀, ìdí nìyí tí olùtọ́jú tó ń kánjú fi máa ń rọ omi lé èyí tí omi ń pa lọ.

Gbogbo álóè kọ́ ló ń dàgbà ní àkókò kan náà. Àwọn kan wá láti ibi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà ooru, àwọn mìíràn láti ibi tó ti ń rọ̀ nígbà òtútù. Bí ewé tuntun bá ń yọ láàárín, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè mu omi. Bí àárín bá pa mọ́ tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ó ń sinmi.

Oòrùn àti òtútù

Wákàtí mẹ́fà oòrùn lójúmọ́ dára fún ọ̀pọ̀ wọn. Èyí tó bá ti wà ní ibòòji, ẹ má gbé e sójú oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa mú un jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé rẹ̀ á jó, á yọ àmì funfun tó máa di gbígbẹ bí páálí, àmì náà kì í sì í lọ mọ́. Kí ewé pọ́n nígbà oòrùn líle tàbí ọ̀dá kì í ṣe àrùn. Aṣọ tí álóè ń fi bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ni, ọ̀pọ̀ ológbà tó mọ iṣẹ́ a sì máa dọ́gbọ́n fi omi dù ú díẹ̀ kí àwọ̀ náà lè yọ. Níbi tí òtútù bá ti ń mú, ẹ rántí pé álóè tí ìdí rẹ̀ gbẹ lè fara da òtútù tó máa pa èyí tí ìdí rẹ̀ tutù.

Ọmọ, ẹ̀ka àti irúgbìn

Ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni ọ̀nà tó rọrùn jù. Ẹ dúró títí yóò fi ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí yóò sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ tó yà á pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Àwọn tó ń yẹ̀ka bí arborescens, ẹ̀ka wọn ni kí ẹ gé, kí ẹ fi sílẹ̀ ní ibòòji fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ pé ewé kan ṣoṣo tó. Álóè kì í hù láti ara ewé, yóò kàn rà ni, àní bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ kó tó rà. Ní ti irúgbìn, ọ̀pọ̀ álóè kì í gba ìyẹ̀fun inú òdòdó ara rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ló jọ yọ òdòdó. Bí ẹ bá sì ní oríṣi púpọ̀ nínú ọgbà, oyin yóò da wọn pọ̀ mọ́ra wọn, ohun tí yóò hù lè máà jọ bàbá, kó máà jọ ìyá.

Kòkòrò, àrùn àti oje

Kòkòrò funfun tó dà bí òwú máa ń fara pamọ́ sí ìkòríta ewé àti ìtì. Ẹ fi sípírítì rin òwú kí ẹ fi nù wọ́n dànù, kí ẹ sì tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹyin wọn. Bí ẹ bá rí èèrà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí álóè, ẹ wò ó dáadáa: oje dídùn tí àwọn kòkòrò amúje ń yọ sílẹ̀ ló ń wá. Àmì bí ìpáàrà lójú ewé kò bani lẹ́rù, ó sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ bí ewé kò bá tutù.

Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù ni kókó wúruwùru tó máa ń yọ sí etí ewé tàbí sí ara òdòdó. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, atẹ́gùn ló sì ń gbé e kiri. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò kọjá ibi tí ẹ rí, ẹ sun ún níná, ẹ má jù ú sínú ààtàn ajílẹ̀, kí ẹ sì fi sípírítì nu ọ̀bẹ kí ẹ tó fi kan ewéko mìíràn. Bí ó bá ti gba gbogbo orí, ẹ hú u.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ewé Aloe vera fún awọ ara, ewé ìta tó ti gbó ni kó gé, kó gbé e nàró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oje pupa rúsúrúsú abẹ́ awọ rẹ̀ lè jò tán. Oje kíkorò yẹn ló ní èròjà tí wọ́n ń pè ní áloìnì, tó máa ń mú kí ènìyàn yàgbẹ́ gidigidi. Ní ọdún 2002 ni àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oògùn ìyàgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè rà láìsí ìwé dókítà. Ó tún léwu fún ajá àti ológbò. Ẹ má sì rò pé gbogbo álóè ló dà bíi Aloe vera, nítorí pé àwọn kan wà tí májèlé gidi wà nínú wọn.

Òdòdó máa ń yọ nígbà tí ewéko bá ti tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pupa, ọsàn tàbí pupa rúsúrúsú, àwọn ẹyẹ kéékèèké alágògó ẹnu gígùn á sì máa wá mu omi dídùn inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi òdòdó náà gbẹ dé ìdí kí ẹ tó fà á yọ, nítorí pé bí ẹ bá gé e nígbà tó ṣì tútù, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìrà. Bákan náà ni ewé gbígbẹ tó rọ̀ mọ́ ìtì ferox àti àwọn gíga mìíràn: nínú igbó, òun ló ń dáàbò bo ìtì náà lọ́wọ́ iná, nínú ọgbà sì rèé, ó ń bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti òtútù. Ẹ fi í sílẹ̀ bí kò tilẹ̀ wù yín lójú, àfi bí kòkòrò bá ti sọ ọ́ di ilé.